Àwọn Adìẹ Tó Ń Lóṣòó

Adìẹ náà wó lulẹ̀ ní kété tí Salaudeen na ọwọ́ sí i. Ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́, ó na apá sí ọ̀tún àti òsì, ó tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, gbogbo ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Salaudeen fa ọwọ́ padà kíá bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Adìẹ náà wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn ìyẹ́ rẹ̀ pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Alhaja," Salaudeen pè é jẹ́ẹ́, "kí ló ń ṣe ẹ́?"

Alhaja ni orúkọ tó sọ ọ́, nítorí pé òun ló sanra jù nínú wọn, òun ló sì máa ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́ sí i, eré ni yóò sá dé ẹ̀yìn tánkì omi. Ṣùgbọ́n láti bí ọjọ́ mélòó kan, kò sá mọ́, ńṣe ló ń wó. Lánàá, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kò sí èyí tí Salaudeen na ọwọ́ sí tí kò wó lulẹ̀.

Ó fìdí lé àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí lùkúlùkú wọ agbo ilé wọn ní Ìsẹ́yìn. Adìẹ ìyá rẹ̀ kún àgbàlá fọ́fọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n láàárín Jímọ̀ọ̀ kan sí èkejì, kò ku ẹyọ kan. Ohun tí Salaudeen rántí jù ni pé ẹsẹ̀ ni àrùn náà ti kọ́kọ́ mú wọn. Wọn á máa rìn lọ, wọn á ṣàdédé ba mọ́lẹ̀, ó tán nìyẹn. Ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ẹ má fi ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín o. Salaudeen kì í ṣe ẹni tí ìbẹ̀rù ń yára mú. Ọdún gbọọrọ ló fi wa tírélà tòmátì láti Kánò wá sí Mile 12. Ó ti sùn nínú igbó lẹ́yìn Mọ́kwà, ó ti bá táyà tó bẹ́ jìjàkadì nínú òjò, àwọn alábàárù sì mọ ìró fèrè ọkọ̀ rẹ̀ kó tó yọ láti Kétu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, dókítà ní kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Ó kó kọ́kọ́rọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, ó wá sílé rẹ̀ ní Ìkòsí, ó jókòó. Láti ọjọ́ náà, ata tí Modinat ìyàwó rẹ̀ ń tà ní Mile 12 ló ń bọ́ ilé.

Modinat kò wí nǹkan kan. Kò wí i rí. Ìyẹn gan-an ló ń dun Salaudeen. Ì bá bú u, òun náà ì bá fèsì, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà á ti ọjà dé, á se oúnjẹ, á gbé e kalẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ojú á sì máa ti Salaudeen títí á fi fọwọ́. Ní mọ́ṣáláṣí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Ó gbin rodo sínú àpò sìmẹ́ǹtì, ewúrẹ́ àdúgbò jẹ ẹ́ tán kó tó so. Ó ń sin ìgbín nínú táyà, òjò kan ṣoṣo rọ̀, gbogbo wọn gun ògiri lọ. Godwin, ayálégbé wọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, bá àwọn kan nínú bàtà rẹ̀, ó sè wọ́n jẹ, ó ní òun rò pé Ọlọ́run ló pèsè. Lẹ́yìn ìyẹn ni Salaudeen ra àwọn òròmọdìẹ yìí lẹ́bàá títì ní Kétu, ó sì búra pé ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yé, ẹyọ ẹyin kan kò ní ti ìta wọ ilé òun mọ́. Modinat ní kí Ọlọ́run gbà á. Ó ń kó tòmátì tó ti rọ̀ àti ewé kábéèjì bọ̀ láti ọjà fún wọn. Oṣù ń gorí oṣù, àwọn adìẹ ń sanra, ẹyin ò sí. Godwin ní akọ ni gbogbo wọn, pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n máa kọ.

Ohun tí Salaudeen fẹ́ kò pọ̀. Ó fẹ́ kí ohun kan wà nínú ìkòkò ilé rẹ̀ tó ti ọwọ́ òun wá. Ní báyìí, lùkúlùkú fẹ́ gba ìyẹn náà.

Ó sì jẹ́ pé àmì ti ń yọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun ni kò fẹ́ gbà pé òun rí i. Ogbe orí wọn, tó máa ń rí rẹ́súrẹ́sú, ti pọ́n bíi tàtàṣé. Salaudeen ní ibà ni. Wọn kì í jọ jẹun ní ìrọ̀rùn mọ́. Ọ̀kan á kúrò láàárín ẹgbẹ́, á máa rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́bàá ògiri, á yọjú sábẹ́ àga, á yọjú sínú garawa, á máa kùn lọ́fun bí arúgbó tí eegun ń ro. Salaudeen ní inú rírun ni. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá ẹfun ara ògiri jẹ, wọ́n sì ń bá ara wọn jà lórí igun kan lẹ́yìn tánkì omi, níbi tí kò sí àgbàdo, tí kò sí ekòló. Ó ní àrùn ti wọ̀ wọ́n lágbárí.

Alàmísì ni ọjọ́ náà, ọjọ́ tí ọjà kì í tètè ṣí nítorí ìmọ́tótó, Modinat sì wà nílé. Ó ń to àwọn apẹ̀rẹ̀ òfìfo tó fẹ́ kó lọ sọ́jà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn.

"Ìyá Nimat," Salaudeen ní, "lùkúlùkú ti wọlé o."

"Lùkúlùkú kẹ̀? Ẹ dákun, ẹ má ṣépè fún wọn."

"Mi ò ṣépè. Wá wò ó fúnra ẹ."

Ó na ọwọ́ sí èyí tó sún mọ́ ọn. Adìẹ náà lóṣòó, ó na apá, ó ń gbọ̀n. Modinat fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, inú fíríìjì ló ti mọ adìẹ. Òun náà na ọwọ́ sí òmíràn, ìyẹn náà lóṣòó.

"Ah. Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Modinat wo ọkọ rẹ̀, ó rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe ń mì, ó sì gbé ojú kúrò kí ojú má baà tì í. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá Nimat, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká pe Àáfà kí wọ́n tó di òkúǹbete."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí. Ẹran tó bá kú fúnra rẹ̀ kò tún ṣeé jẹ fún Mùsùlùmí, orí ààtàn ni ibùgbé rẹ̀. Nínú agbo ilé wọn ní Ìsẹ́yìn, ẹni tó bá jókòó ti adìẹ tó ń ṣàìsàn títí ó fi kú, tí kò tètè wá ọ̀bẹ, ọ̀lẹ àti aláìmoore ni wọ́n ń pè é. Salaudeen gbé fóònù, ó pe Àáfà Junaid fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, ó yí ojú sí ògiri, ó sì sunkún díẹ̀, bí ọkùnrin ṣe máa ń sunkún, láìgbé ohùn sókè.

Godwin ló kọ́kọ́ dé. Ta ló sọ fún un, Ọlọ́run ló mọ̀. Ó gbé ìkòkò kan dání tó lè gba ọmọ ọdún kan.

"Daddy, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an," ó ní. "Which one sick pass? Ẹ fún mi nìyẹn. Èmi ò bẹ̀rù. Once fire touch am, sickness don die."

"Godwin, gbé ìkòkò yẹn sílẹ̀ ná," Modinat ní.

"Yes, Mummy. Mo kàn gbé e dání ni."

Kò pẹ́ tí Àáfà Junaid fi dé. Ọ̀dọ́kùnrin tó ní irùngbọ̀n ṣóńṣó ni, ó fi ìwé ìròyìn wé ọ̀bẹ rẹ̀. Ó kí Salaudeen pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó kí i kú ìrọ́jú. Omi ti ń hó lórí ààrò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn adìẹ, ìyẹn sì ni iṣẹ́ tó rọrùn jù lọ láyé. Kò sí eré, kò sí ariwo. Bí Àáfà bá ti na ọwọ́, adìẹ á lóṣòó, á jẹ́ kí wọ́n gbé òun. Wọ́n fi okùn so wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n tò wọ́n sórí kọnkéré.

Àáfà gbé ọ̀kan sókè, ó wò ó lójú, ó wo ìdí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ojú ẹ̀ mọ́ kedere o. Ìgbẹ́ ò sì ṣe é."

"Àáfà, kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti rí lùkúlùkú," Salaudeen dá a lóhùn. "Ẹsẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀."

Ta ni Àáfà tí yóò bá àgbà jiyàn nínú ilé rẹ̀? Ó kọ ojú adìẹ náà sí kíbílà, ní apá Mẹ́kà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fa ọ̀bẹ yọ. Salaudeen gbé ojú sí apá ibòmíràn, ibẹ̀ ló sì ti rí i pé Alhaja kò sí láàárín àwọn tí wọ́n so.

"Ẹ dúró," ó ní. "Ẹ dúró ná. Alhaja dà? Òun ló ń ṣàìsàn jù. Ó lè ti máa kú lọ síbì kan báyìí. Òun ló yẹ ká fi ṣáájú."

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àáfà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá Alhaja. Godwin wo abẹ́ tánkì. Modinat wo ilé ìdáná. Salaudeen, tí ojú rẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, dúró sójú kan, ó tẹ́tí sílẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣe ségesège lórí òkè. Ó gbọ́ ohùn tó ń kùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ tòmátì.

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Apẹ̀rẹ̀ kan ti ṣubú, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ewé gbígbẹ tí àwọn ará òkè Ọya fi ń tẹ́ ìdí rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Alhaja ti tẹ́ ewé náà yí ara rẹ̀ ká, ó jókòó síbẹ̀, ó ranjú.

"Pẹ̀lẹ́, ìyá mi," Salaudeen ní. Ó na ọwọ́ láti gbé e.

Alhaja kò lóṣòó. Ńṣe ló wú sókè, ó fi ẹnu ṣá a lẹ́yìn ọwọ́ tagbáratagbára.

"Kai!" Salaudeen ké, ó ń gbọn ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ.

"Fowl wey wan die get this kind power?" Godwin bèèrè.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Àáfà ní, ó sún mọ́ wọn. "Ẹ̀yin, ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀."

Wọ́n fi í sílẹ̀. Omi ń hó lórí ààrò, kò sí ẹni tó bojú wò ó. Alhaja gbé ìdí sókè díẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, ọrùn rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ dúró sójú kan, ó ṣe bí ẹni tó ń rántí ọ̀rọ̀ kan tó ti gbàgbé tipẹ́. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ rọ̀. Ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ kan jáde, ó fi èkejì jáde, ó dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ọrùn sókè, ó sì figbe ta:

"Kọ̀-kọ̀-kọ̀-kọ̀-kéèè! Kọ̀-kọ̀-kọ̀-kọ̀-kéèè!"

Igbe tí Salaudeen kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí ni. Kíá ni àwọn tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ lórí kọnkéré gbà á, ni gbogbo ẹ̀yìnkùlé bá ń ho yèè. Salaudeen kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ó gbóná, ó kéré, ó dán, ìlà ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan sì wà lára rẹ̀.

"Alláhù Àkúbárù!" Ìkòsí lápapọ̀ ló gbọ́ ọ. "Ó ti yé! Modinat, ó ti yé! Alhaja mi ti yé!"

Ó gbé ẹyin náà sókè, ó ń jó yí ààrò ká. Àwọn aládùúgbò ń yọjú lórí ògiri, ó ń fi hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bèèrè àti ẹni tí kò bèèrè, gbogbo wọn ló fi hàn.

"Ẹ tú wọn!" ó ní. "Ẹ tú gbogbo wọn! Àáfà, gbé ọ̀bẹ yẹn pamọ́, mi ò fẹ́ rí i!"

Wọ́n tú wọn. Èyí tí Àáfà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò dúró dẹ ẹnikẹ́ni, ó tiro lọ tààrà sí igun ẹ̀yìn tánkì, igun tí wọ́n ń torí rẹ̀ jà. Salaudeen tẹ̀ lé e. Ó wólẹ̀, ó ki orí bọ abẹ́ pákó tí tánkì jókòó lé, ó sì pariwo lẹ́ẹ̀kejì. Nínú iyanrìn níbẹ̀, láàárín àkísà tó ti gbó, ẹyin wà jọ bí ọmọ ayò nínú ọpọ́n. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí òun ń wò wọ́n tàánútàánú, tí òun ń gbàdúrà fún wọn láàárín òru, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

"Lílóṣòó tí wọ́n ń lóṣòó wá ńkọ́?" Modinat bèèrè. "Kí nìyẹn?"

Àáfà Junaid wo ilẹ̀, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. "Mummy, mo fura tẹ́lẹ̀, ẹnu mi ni ò gbà á. Lábúlé wa, adìẹ tó bá ti di àgbébọ̀, tó ti fẹ́ yé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń lóṣòó fún... fún àkùkọ."

Modinat bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Bàbá Nimat! Kò sí àkùkọ nílé yìí, ẹ̀yin ni wọ́n wá fi ṣọkọ! Ẹ kó odindi agbo orogún wọlé bá mi, ẹ ò sọ fún mi!"

"Daddy, congratulations," Godwin ní. "Na you be the cock."

Salaudeen fẹ́ bínú, kò rí ìbínú mú. Ẹ̀rín ló bẹ́ sí i lẹ́nu. Ó rántí àgbàlá ìyá rẹ̀ báyìí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí ikú wọ̀ ọ́, bí kò ṣe gbogbo ọdún tó ṣáájú rẹ̀: àkùkọ ńlá kan tó ń yan fanda, àwọn àgbébọ̀ tí ń lóṣòó fún un ní ọ̀tún àti òsì. Ojú rẹ̀ ti rí i nígbà ọmọdé, ìbẹ̀rù ló gbé e pamọ́ fún un.

Ó fún Àáfà ní ẹyin méjì, ó ní sàárà ni. Ó fún Godwin ní ẹyọ kan. "Oyá," ó ní, "sè é nínú ìkòkò ńlá ẹ yẹn, kó má kún jù." Godwin gbé ìkòkò lọ, ẹyin náà ń yí gbirigbiri nídìí rẹ̀.

Modinat ti ń wá ìborùn rẹ̀ pé òun ń lọ sọ́jà. Salaudeen ní kò gbọdọ̀ lọ, kí ó jókòó. Ó wọ ilé ìdáná. Ó mọ ẹyin díndín dáadáa, ọ̀dọ̀ àwọn Mọ́là tó ń ta tíì lójú ọ̀nà Jẹ́bà ló ti kọ́ ọ. Ó rẹ́ àlùbọ́sà, ó rẹ́ rodo, ó fọ́ ẹyin Alhaja àti mẹ́ta mìíràn lé e lórí. Pupa inú wọn pọ́n dòò, èyí tí ẹyin ọjà kò ní. Òórùn rẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Ó gbé e fún Modinat pẹ̀lú búrẹ́dì, ó sì dúró tì í.

Kò mọ̀ pé ojú ìyàwó òun ni òun ń wò. Ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀, nǹkan tó máa ń wà lójú tirẹ̀ nígbà gbogbo tí obìnrin yìí bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un. Modinat gé búrẹ́dì, ó fi kó ẹyin, ó fi sẹ́nu. Ó di ojú díẹ̀. Ó gbé e mì, ó sì tún gé òmíràn. Kò sí ìtìjú lójú rẹ̀. Ebi ló ń pa á, ọkọ rẹ̀ sì fún un lóúnjẹ.

"Iyọ̀ ò tó o," ó ní, ẹnu rẹ̀ kún. "Ẹ ò ní jẹ ni?"

Salaudeen wò ó títí. Ó wá yé e pé láti gbogbo ọjọ́ yìí, òun nìkan ló ti ń ka òkèlè. Ó lọ mú iyọ̀ wá, ó fa àga kan, ó jókòó tì í, ó sì bá a jẹ nínú àwo kan náà.